Alágbàtà Kọ́, Alárenà Ni: Ipò Aṣojú Ìrìn-àjò Nínú Ọ̀ràn Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Ojú Òkun

Ọjà ilẹ̀ Yorùbá ti kọ́ tọmọdé tàgbà pé alágbàtà ní í sọ ọjà di ọ̀wọ́n, nítorí pé ẹni tó ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, tó sì tún un tà fún ẹlòmíràn, kò ní ṣàì fi èrè tirẹ̀ lé e, ìdí sì nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ rà ní pọ́ọ́kú fi máa ń wá ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ọjà gan-an. Ojú yìí ni ọ̀pọ̀ arìnrìn-àjò fi ń wo ìbéèrè tí ọ̀rọ̀ àsọyé yìí dá lé lórí, èyí tí í ṣe bóyá kí ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ojú òkun gba ọwọ́ aṣojú ìrìn-àjò, tí àwọn ará ìlú ń pè ní éjẹ́ńtì, tàbí kí ó lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ni ọkọ̀. Èrò tí àsọyé yìí fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé ọgbọ́n ọjà náà, bó ti jẹ́ òótọ́ tó, kò bá ọ̀ràn ọkọ̀ ìgbafẹ́ mu, nítorí pé iye owó kì í sábà yàtọ̀ níbẹ̀, àti pé ohun tó yẹ kí arìnrìn-àjò fi ṣe òṣùwọ̀n ni ẹni tí yóò máa bá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ tí nǹkan bá yí padà.

Kí ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀, ó yẹ kí ìtumọ̀ ọkọ̀ ìgbafẹ́ kọ́kọ́ yé olùgbọ́. Lára àwọn ọkọ̀ èrò tí àwọn Yorùbá ayé àtijọ́ mọ̀ dáadáa ni Aureol, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1951, tó sì ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò láàárín Èkó àti Liverpool títí di ọdún 1972, nígbà tí wọ́n gbé ìdíkọ̀ rẹ̀ lọ sí Southampton, kí ó tó fi ọ̀nà Èkó sílẹ̀ pátápátá lọ́dún 1974. Ibi kan pàtó ni ẹni tó wọ Aureol ń lọ, ibi tó ń lọ yìí sì ni ìdí ìrìn-àjò rẹ̀. Ní ti ọkọ̀ ìgbafẹ́, gbígbé inú ọkọ̀ gan-an ni ìdí ìrìn-àjò, tí èrò á máa sùn, á máa jẹun, á sì máa ṣe fàájì nínú ọkọ̀ tó ń kiri láti èbúté kan dé òmíràn, tí ọkọ̀ náà á sì sábà padà gúnlẹ̀ sí èbúté tó ti gbéra. Lọ́dún 1891, Albert Ballin, ọ̀kan lára àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òkun kan ní Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, rán ọkọ̀ Augusta Victoria lọ káàkiri òkun Mẹditaréníà nígbà òtútù, nítorí pé èrò kì í pọ̀ lójú òkun Àtìláńtíìkì lásìkò yẹn, kò sì fẹ́ kí ọkọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ wà láìríṣẹ́ṣe. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ló ka ìrìn-àjò náà sí ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ bí ayé ṣe mọ̀ ọ́n lónìí.

Iṣẹ́ náà ti dàgbà débi pé ọkọ̀ kan ṣoṣo lè tó ìlú kékeré. Icon of the Seas, tó kọ́kọ́ kó èrò jáde láti èbúté Miami ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ní àjà 20, ó sì lè gba èrò tó tó 7,600 bí gbogbo ibùsùn inú rẹ̀ bá kún. Nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, owó tí wọ́n kọ síwájú ìpolówó kì í ṣe gbogbo owó tí èrò yóò san, nítorí pé owó orí èbúté lè wà lọ́tọ̀, owó ọpẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ wà lọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ọtí, íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn ilé oúnjẹ kan, àti ìrìn-àjò orí ilẹ̀ ní èbúté kọ̀ọ̀kan. Ohun tó díjú báyìí ni arìnrìn-àjò ń rà, ó sì máa ń rà á ní oṣù púpọ̀ ṣáájú ọjọ́ tí yóò lò ó, nítorí náà àyè wà dáadáa fún àyípadà láàárín ìgbà tó sanwó àti ìgbà tó fẹsẹ̀ tẹ inú ọkọ̀.

Aṣojú ìrìn-àjò ni ẹni tó ń ta àyè inú ọkọ̀, bàálù tàbí ilé ìtura fún èrò láìjẹ́ pé òun ló ni wọ́n. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Keje ọdún 1841, Thomas Cook kó nǹkan bíi 500 ènìyàn tó kórìíra ọtí mímu wọ ọkọ̀ ojú irin láti Leicester lọ sí Loughborough ní England, tí ẹnì kọ̀ọ̀kan sì san ṣílè kan, láti ibẹ̀ sì ni orúkọ rẹ̀ ti di orúkọ ńlá nínú iṣẹ́ aṣojú. Ohun tí aṣojú fi ń jẹun ni làádà, ìyẹn ìdá kan nínú owó ọjà tí ẹni tó ni ọjà ń yọ fún ẹni tó bá a tà á. Nígbà kan rí, àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù náà ń san làádà tó jọjú, ṣùgbọ́n lọ́dún 1995, ilé-iṣẹ́ Delta ní Amẹ́ríkà fi gbèdéke 50 dọ́là sí làádà lórí tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè náà, nígbà tó sì di ọdún 2002, ó fagi lé làádà ìpìlẹ̀ pátápátá, àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù mìíràn sì tẹ̀lé e. Àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ìgbafẹ́ kò gba ọ̀nà yẹn, nítorí pé ọjà wọn ṣòroó ṣàlàyé fún ẹni tí kò wọ ọkọ̀ rí, wọ́n sì nílò ẹni tí yóò jókòó ti oníbàárà kí ó tó yé e. Fún ìdí èyí, wọ́n ṣì ń san làádà, tó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ọkọ̀, tó sì ń ga sí i fún aṣojú tó bá tà púpọ̀.

Láti inú làádà yìí ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ alágbàtà ti jáde. Alágbàtà inú ọjà ń fi owó tirẹ̀ lé owó ọjà, ṣùgbọ́n inú owó tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ti kà tẹ́lẹ̀ ni làádà aṣojú ti ń jáde, nítorí náà ẹni tó lọ tààrà sórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kò ní rí làádà yẹn gbà padà, ilé-iṣẹ́ náà ni yóò fi í sápò. Iye kan náà ló sábà máa ń wà níwájú àwọn méjèèjì. Bí ìyàtọ̀ bá tilẹ̀ wà, ó lè jẹ́ aṣojú ló rọrùn jù, nítorí pé àwọn aṣojú ńlá máa ń gba ọ̀pọ̀ yàrá lẹ́ẹ̀kan náà lórúkọ ẹgbẹ́, wọ́n á sì tà wọ́n ní iye tí wọ́n bá ilé-iṣẹ́ náà ṣe àdéhùn sí, kódà lẹ́yìn tí owó yàrá bá ti gòkè lójú ìkànnì. Níwọ̀n bí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kò ti gbà kí aṣojú polówó iye tó kéré sí tiwọn, àwọn aṣojú kan máa ń yọ nínú làádà wọn fún oníbàárà ní ọ̀nà mìíràn, èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn sì ni owó ìnáwó inú ọkọ̀, tí í ṣe iye kan tí wọ́n kọ sórúkọ èrò kí ó lè fi ra ohun tó bá wù ú nígbà tó bá wà lójú òkun.

Síbẹ̀, ẹni tó ń san làádà máa ń ní ipa lórí ẹni tó ń gbà á, ó sì yẹ kí arìnrìn-àjò mọ èyí dájú. Làádà kì í wà lórí owó orí èbúté, ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́, kò sì sí lórí apá kan nínú owó ọkọ̀ tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀, nítorí náà èrè aṣojú lórí yàrá olówó pọ́ọ́kú lè kéré gan-an, èyí tó lè mú kí ó máa ti oníbàárà sí yàrá tó wọ́n jù. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan sì lè máa san làádà tó ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ fún aṣojú kan, débi pé orúkọ ọkọ̀ kan náà ni yóò máa ti ẹnu aṣojú yẹn jáde, ẹni yòówù kí ó wá bá a. Aṣojú tó mọyì iṣẹ́ rẹ̀ máa ń béèrè ọjọ́ orí, agbára ara, oúnjẹ, ohun ìgbádùn àti ìwọ̀n àpò oníbàárà kí ó tó dárúkọ ọkọ̀ kankan, ẹni tó bá sì dárúkọ ọkọ̀ kí ó tó béèrè ohunkóhun, ọjà tirẹ̀ ló ń polówó.

Kókó tó wúwo jù lọ ni ti àkóso. Nígbà tí aṣojú bá gba àyè nínú ọkọ̀ fún oníbàárà, aṣojú yẹn ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ mọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni àdéhùn náà lọ́wọ́, nítorí náà bí èrò bá pe ilé-iṣẹ́ náà pé òun fẹ́ pààrọ̀ yàrá tàbí pé òun fẹ́ yí ọjọ́ padà, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ fún un ni pé kí ó padà sọ́dọ̀ aṣojú rẹ̀. Bí aṣojú náà bá jẹ́ ẹni tí ń gbé fóònù, tó sì mọ ẹni tí yóò pè, agbára ńlá ni èyí jẹ́ fún èrò, nítorí pé òun kọ́ ni yóò jókòó ti fóònù fún wákàtí gbọọrọ. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tó ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ tí kò tún ṣí i di ọjọ́ Ajé, ìdè ni yóò jẹ́ fún èrò tó ní ìṣòro ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Owó yàrá náà lè wálẹ̀ lẹ́yìn tí èrò ti san àsansílẹ̀, ìyẹn owó díẹ̀ tí a fi ń mú yàrá dání. Ní ọjà Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló máa ń gbà kí a tún owó náà ṣe sí iye tuntun níwọ̀n ìgbà tí ọjọ́ àsanparí, tó sábà máa ń jẹ́ oṣù méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ṣáájú ìrìn-àjò, kò bá tíì pé, ṣùgbọ́n wọn kì í fúnra wọn pe èrò láti sọ fún un. Aṣojú tó ń ṣọ́ owó yìí lójoojúmọ́ ti ṣiṣẹ́ tó tó làádà rẹ̀, ẹni tó bá sì fúnra rẹ̀ gba àyè gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ fúnra rẹ̀.

Ìmọ̀ nípa inú ọkọ̀ tún wà. Yàrá inú ọkọ̀ pín sí oríṣi mẹ́rin gbòógì: èyí tó wà ní àárín ọkọ̀ tí kò ní fèrèsé, èyí tó ní fèrèsé tó kọjú sí òkun, èyí tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré níta tí a lè jókòó sí, àti èyí tó tóbi jù tó ní pálọ̀. Orúkọ wọ̀nyí kò sọ ohun gbogbo, nítorí pé yàrá méjì tí owó wọn kò yàtọ̀ lè wà níbi tó yàtọ̀ gan-an. Yàrá tó wà ní àárín gbùngbùn ọkọ̀ ní àjà ìsàlẹ̀ kì í mì tó èyí tó wà lókè níwájú, òun ló sì dára fún ẹni tí òòyì máa ń kọ́ lójú omi. Yàrá tó wà lábẹ́ odò ìlúwẹ̀ẹ́ lè máa gbọ́ ariwo àga tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ láti àfẹ̀mọ́jú, yàrá tó sì wà lókè ilé ijó lè máa gbọ́ ìlù títí di òru. Àwọn yàrá kan tí wọ́n pè ní olójú òkun tilẹ̀ wà tí ọkọ̀ kékeré ìdóòlà-ẹ̀mí dí fèrèsé wọn. Aṣojú tó ti rin inú ọkọ̀ náà rí lè sọ èyí láìwo ìwé, ṣùgbọ́n àwòrán àjà ọkọ̀ wà lórí ìkànnì fún ẹni tó bá ní sùúrù láti wò ó, nítorí náà ohun tí ìmọ̀ aṣojú ń fi pamọ́ fún èrò níbí yìí ni àkókò.

Ọ̀ràn ìwé ìrìnnà kò rọrùn bẹ́ẹ̀, pàápàá fún ọmọ Nàìjíríà. Ẹni tó ń gbé ní London pẹ̀lú ìwé ìgbélùú Britain, àmọ́ tó jẹ́ páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, nílò físà Schengen, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, kí ó tó lè wọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ ní ilẹ̀ Spéìn tàbí Gíríìsì. Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Piraeus lẹ́bàá Athens, tó yà ní Kuşadası ní ilẹ̀ Tọ́kì, tó sì padà sí àwọn erékùṣù Gíríìsì, èrò náà ti jáde kúrò ní agbègbè Schengen, ó sì tún ń wọlé, nítorí náà físà àwọlé ẹ̀ẹ̀kan kò tó o, ilẹ̀ Tọ́kì sì ní òfin físà tirẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ orílẹ̀-èdè náà tó wọ ọkọ̀ ní Miami láti rìn káàkiri erékùṣù Kàríbíánì kí ó sì padà sí Miami lè fi ìwé ẹ̀rí ìbí àti káàdì ìdánimọ̀ ìjọba rìn, ṣùgbọ́n ẹni tó wá láti Èkó gbọ́dọ̀ mú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ dání pẹ̀lú físà Amẹ́ríkà tó gbà á láyè láti tún wọlé, kí ó sì yẹ òfin erékùṣù kọ̀ọ̀kan wò, nítorí pé àwọn kan lè béèrè káàdì àjẹsára ibà pọ́njú lọ́wọ́ ẹni tó ti Nàìjíríà wá. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tó bá rí i pé ìwé èrò kò pé lè kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní èbúté láìdá owó rẹ̀ padà. Nínú àdéhùn, ọrùn èrò ni ẹrù ìwé máa ń wà, yálà ó lo aṣojú tàbí kò lò ó, àmọ́ aṣojú tó mọ ohun tí páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe yóò rí ewu náà kí owó tó jáde lápò.

Àwọn òfin mìíràn wà tí ìkànnì kì í sábà ṣàlàyé fún òǹrajà. Òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1886 kò gbà kí ọkọ̀ tó ń ta àsíá orílẹ̀-èdè mìíràn, irú èyí tí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ jẹ́, gbé èrò láti èbúté Amẹ́ríkà kan lọ sọ̀ kalẹ̀ sí òmíràn láìkọ́kọ́ dé èbúté ilẹ̀ òkèèrè tó jìnnà. Èyí tó bá sì ń padà sí èbúté tó ti gbéra gbọ́dọ̀ yà ní èbúté ilẹ̀ òkèèrè kan, bó tilẹ̀ wà nítòsí, ìdí sì rèé tí ọkọ̀ tó ń lọ sí Alaska láti Seattle fi máa ń yà ní Kánádà kí ó tó padà sílé. Bí ẹnì kan bá ra ìrìn-àjò láti Los Angeles dé Vancouver, tó sì tún ra èyí tó tẹ̀lé e nínú ọkọ̀ kan náà láti Vancouver dé Seward ní Alaska, lójú òfin, Los Angeles ló ti wọkọ̀, Seward ló sì ti sọ̀, Vancouver kò sì jìnnà tó ohun tí òfin ń wá. Ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan bófin mu bí ó bá dá wà, ṣùgbọ́n àpapọ̀ wọn lòdì sófin, aṣojú tó mọ iṣẹ́ sì ni yóò kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Owó tí a san fún aṣojú tún ní ewu tirẹ̀, nítorí pé aṣojú náà lè wó. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ Thomas Cook, ẹni tí a dárúkọ níṣàájú, kógbá sílé, nǹkan bíi 150,000 arìnrìn-àjò láti Britain sì wà lókè òkun tí ìjọba ní láti ṣètò bí wọn yóò ṣe padà sílé. Ohun tó gba ọ̀pọ̀ nínú wọn là ni ATOL, ètò ààbò tó bẹ̀rẹ̀ ní Britain lọ́dún 1973, tó ń dáàbò bo owó ẹni tó ra ìrìn-àjò àpapọ̀ tí bàálù wà nínú rẹ̀. Ìrìn-àjò ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí kò ní bàálù nínú kò sí lábẹ́ ATOL, àmọ́ aṣojú tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ABTA, ẹgbẹ́ àwọn aṣojú ìrìn-àjò ní Britain tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1950, lè ní ìdúró owó fún irú èyí, nítorí náà kí èrò béèrè kí ó tó sanwó. Òfin gbèsè oníbàárà ti Britain lọ́dún 1974 tún jẹ́ kí báǹkì tó fún ènìyàn ní káàdì àwìn pín nínú ẹ̀bi òǹtajà lórí ọjà tó ju 100 pọ́n-ùn lọ, tí kò sì ju 30,000 lọ, ṣùgbọ́n bí owó bá gba ọwọ́ ẹni kẹta kọjá, okùn tó so báǹkì pọ̀ mọ́ òǹtajà lè já, ẹ̀tọ́ náà sì lè bọ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà dá ọkọ̀ ìgbafẹ́ dúró nítorí àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ èrò ló rí i pé ọ̀nà tí owó gbà lọ ni ó ní láti gbà padà, débi pé ẹni tí owó rẹ̀ wà lọ́wọ́ aṣojú ní láti dúró de ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kí ó tún dúró de aṣojú. Ọ̀nà tó dára jù ni kí aṣojú fi káàdì èrò sanwó tààrà fún ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, kí orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ sì jẹ́ èyí tí yóò hàn nínú ìwé báǹkì.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, àwọn kan wà tí kò nílò aṣojú. Ẹni tó ti wọ ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, tó mọ yàrá tó fẹ́, tó ń gbé nítòsí èbúté débi pé kò nílò bàálù, tí ìwé rẹ̀ kò ní ìṣòro, tó sì fẹ́ràn láti máa fọwọ́ ara rẹ̀ tún nǹkan rẹ̀ ṣe, lè lọ tààrà, ara rẹ̀ yóò sì balẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń mú ìdílé àti òbí àgbà dání, tó nílò yàrá mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó súnmọ́ra, tó ń ti orílẹ̀-èdè kan fò lọ sí òmíràn kí ó tó rí ọkọ̀, tí páásípọ́ọ̀tù àwọn tó ń bá a lọ sì yàtọ̀ síra, ń fi ara rẹ̀ wewu bí ó bá dá nìkan ṣe é. Bí kókó tó wà nínú ìrìn-àjò bá ṣe pọ̀ tó ni aṣojú ṣe wúlò tó.

Aṣojú pàápàá kò dọ́gba. Púpọ̀ nínú àwọn éjẹ́ńtì Èkó, Ìbàdàn tàbí Cotonou mọ tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, físà, Mẹ́kà àti Jerúsálẹ́mù dunjú, ṣùgbọ́n wọn lè má tíì ta àyè nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ rí, kò sì sí ìtìjú nínú kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí oníbàárà béèrè ọkọ̀ tí aṣojú ti fúnra rẹ̀ wọ̀, ẹgbẹ́ iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ sí, orúkọ ẹni tí owó yóò wọlé sí, iye tí aṣojú náà alára ń gbà bí èrò bá fagi lé ìrìn-àjò, yàtọ̀ sí èyí tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń gbà, àti nọ́ńbà tí yóò gbé ní òru bí ọkọ̀ bá fi èrò sílẹ̀ ní èbúté. Aṣojú tó bá ń yẹ ìbéèrè wọ̀nyí sílẹ̀ ti fi hàn bí yóò ṣe ṣe nígbà tí ọ̀ràn bá dé.

Nínú àṣà ìgbéyàwó Yorùbá, alárenà ni ẹni tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin títí wọn yóò fi mọ ara wọn, bí ojú bá sì ti mọ ojú tán, alárenà á yẹ̀ba. Aṣojú ọkọ̀ ìgbafẹ́ sún mọ́ alárenà ju alágbàtà lọ, nítorí pé kì í sábà fi owó lé ọjà, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti mú ẹni méjì tí kò mọ ara wọn pàdé, ìyẹn èrò àti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé alárenà yìí kò gbọdọ̀ yẹ̀ba lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀, nítorí pé láti ọjọ́ àsansílẹ̀ títí di ọjọ́ tí èrò yóò tún fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ yóò máa bi í léèrè kí wọ́n tó dá èrò lóhùn. Arìnrìn-àjò tó bá ti rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kí ó dì í mú, ẹni tí kò bá sì rí i kí ó fúnra rẹ̀ lọ bá ọlọ́kọ̀.